Ta ni "Wọ́n" tí ó Mú Iná Lọ?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi ìwé ewì àti ìwé ìtàn sí apá kan lónìí, kí a yẹ gbólóhùn kan wò tí kò sí nínú ìwé kankan tí a ń kà fún ìdánwò. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ó wà nínú rẹ̀: "Wọ́n ti mú iná lọ." Ọmọdé ń sọ ọ́, àgbà ń sọ ọ́, olùkọ́ gírámà wa pàápàá sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí fáànù orí àjà dúró lójijì tí gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé fẹ́ ara wa. Bí a bá yọ ìkíni kúrò, mo rò pé kò sí gbólóhùn tí a ń sọ tó o láti òwúrọ̀ di alẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ohun tí a bá sì ń sọ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí "wọ́n" náà. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó nínú kíláàsì gírámà ni ó mọ̀ pé èdè wa kò ní irú gbólóhùn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ẹni tí ó ṣe nǹkan pamọ́, tí ohun tí a ṣe á wá jókòó sí ipò olùwà. "Wọ́n" ni a fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n bí mi ní Ọ̀yọ́. Wọ́n jí i ní àpò. Wọ́n ní òjò yóò rọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé àwọn ta ni, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ẹnì kan pàtó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n "wọ́n" yìí kan náà ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà: Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ wá wo ohun tí a ṣe fún ẹni tí ó mú iná lọ. A gbé e pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè na ìka sí i, a sì tún fi ọ̀wọ̀ àgbà kún un fún un. Kí ni olè tún ń wá ju èyí lọ? Ìyá mi àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀. "Iná kú" ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ààrò àti àtùpà ni; iná ààrò kì í sì í kú kí a má mọ ẹni tí kò ko igi sí i.

Ìkejì gbólóhùn yìí ni igbe tí a ń ké nígbà tí iná bá dé: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Ilé-iṣẹ́ tí a ń kí yìí ti kú tipẹ́. Òfin 1950 ni ó dá ECN sílẹ̀; ní 1972 a pa á pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń mójú tó ìsédò Odò Ọya, a sì sọ wọ́n ní NEPA; ní 2005 NEPA di PHCN; ní 2013 ìjọba pín in tà, pípín iná kiri ilé sì bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni mọ́kànlá. Ọmọ tí a bí ní 2015 ń fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kí òkú tí kò mọ̀. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní àìmọ̀kan ni. Èmi kò gbà. Lẹ́yìn NEPA, lẹ́ẹ̀mejì ni a yí pátákó ẹnu ọ̀nà padà, ẹnu wa kọ̀, kò yí, nítorí ohun tí a ń rí nínú ilé kò yí. Àríwísí ni igbe náà, bí ó tilẹ̀ ń dún bí ìyìn. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń dùn mí nínú rẹ̀, pé ẹni tí ó dá ohun tí a ti sanwó fún padà ni a ń pàtẹ́wọ́ fún.

Èdè wa kì í pẹ́ gbé nǹkan mì ṣá. Ní 2020 ni a pín àwọn tí ń lo iná sí ẹgbẹ́, láti A dé E: ẹgbẹ́ A yóò rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, ẹgbẹ́ E yóò rí ti wákàtí mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì kan fún ẹgbẹ́ A fò láti náírà 68 sí náírà 225. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bú ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi pé, "Ìwọ ará Báńdì E yìí!" Èébú tuntun nìyẹn, ó sì dára gan-an; kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni ó túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè apá kejì, èdè àwọn tí ń tajà fún wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń sọ Yorùbá báyìí. Bí ènìyàn bá tẹ nọ́ńbà kan lórí fóònù, ohùn obìnrin kan tí ó dùn bí oyin á dáhùn. Kò burú, ó sàn ju kí a má gbọ́ èdè wa rárá. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí irú ẹ̀bẹ̀ tí ohùn bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀: "A tọrọ àforíjì fún ìnira èyíkéyìí tí èyí lè fà fún yín." Kò sí àṣìṣe gírámà kan níbẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Èyíkéyìí? Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ kò mọ ohun tí ó ṣe. Lè fà? Kò tilẹ̀ dá a lójú pé ó ṣe nǹkan. Ní ilé wa, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ á mú ẹlẹ́bẹ̀ lọ́wọ́, á dọ̀bálẹ̀, á sì dárúkọ ohun tí òun ṣe kí ó tó ní kí a má bínú, bí kò bá dárúkọ rẹ̀, àgbà tí ó jókòó á bi í pé, "Kí ni o ṣe?" Ohùn inú fóònù kò ní ikùn tí yóò fi dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ó túmọ̀ gbólóhùn náà láti inú Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa ni yóò jẹ́, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà n kò lè bú u púpọ̀, pàápàá lẹ́yìn ohun tí ọwọ́ tèmi ti ṣe.

Ìyá kan wà ní àdúgbò tí mo ń gbé tí ó ń ta ẹja inú yìnyín nínú fírísà méjì. Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, iná bẹ̀rẹ̀ sí wá ní ìdajì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Gílóòbù ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, fírísà ń kùn, kò sì dì. Owó epo bẹntiróòlù tí ó ń rà sí jẹnẹrétọ̀ ju èrè orí ẹja lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Ìyá ní kí n bá òun kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ oníná, nítorí pé èmi ni akọ̀wé. Mo jókòó, wọ́n ń sọ, mo ń kọ. Ohun tí wọ́n sọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Èmi Ìyá Ẹlẹ́ja ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo san owó yín kí n tó lo iná yín. Nọ́ńbà ogún ni mo ń tẹ̀ sínú mítà yín, n kì í fo ẹyọ kan. Ní 2024 tí ẹ ní kí n kọ́kọ́ tẹ ogún méjì mìíràn, mo tẹ̀ ẹ́. Páálí ẹja mẹ́ta ni ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, owó àjọ ni mo sì fi rà á. Ẹni tí ó wà níbi ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ náà, kí ó wá bá mi jẹ ẹja náà."

Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń dán. Owó àjọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja di "oníbàárà". Páálí mẹ́ta di "àdánù". Ẹni tí ó wà níbi ẹ̀rọ pòórá pátápátá, nítorí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ níṣàájú ni mo lò, èyí tí ó ń gbé olùṣe pamọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo kà á, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀ padà sí Ìyá létí, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹja dà?"

Mo ní, "Mà, ó wà nínú àdánù."

Wọ́n ní, "Àdánù kì í rùn."

N kò tíì gbọ́ àríwísí tí ó gún mi tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ kankan. A fi ìwé náà ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀sùn (ẹ ò rí i, èmi náà ti lò ó), Ìyá so ó mọ́ etí ìró, ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá.

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá kò mọ ẹjọ́ fífi sùn ní gbangba, pé sùúrù àti òwe ni tiwa. Irọ́ ni. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti ní Ìlaró, ní alẹ́ tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ á jáde sí ọjà, á júbà àwọn ìyá, á sì kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, á máa tú àṣírí àwọn tí ń ba ìlú jẹ́, àwọn náà lè wà láàárín èrò tí ń gbọ́. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ ọdún Òkè'badan, ẹnu á ṣí sílẹ̀ fún bíbú ẹni tí kò ṣeé bú ní ọjọ́ mìíràn. Ojú wà tí àwọn wọ̀nyí ń wò bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Àwàdà tí a ń ṣe nípa iná lónìí dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ara wa ni a ń sọ ọ́ fún nínú òkùnkùn. Bí aláwàdà bá tilẹ̀ sọ ọ́ lórí ìtàgé, ẹni tí ó mú iná lọ lè jókòó níbẹ̀, kí ó rẹ́rìn-ín bí gbogbo ènìyàn, kí ó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín tán, a ti gba ẹ̀san wa, kò sì ku ohun tí a ó gbé lọ bá ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó gbà pé obìnrin alààyè ni ó ń kọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ni. Lójú tèmi, "èmi" ni ó ṣe iṣẹ́ náà: obìnrin kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àìsàn rẹ̀ àti àbámọ̀ rẹ̀, tí ó dojú kọ ẹni tí ń kà á. Ìyá Ẹlẹ́ja mọ ọgbọ́n yìí láìka ìwé kan. Èmi tí mo kàwé ni mo nù ún kúrò.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, mo kọ ìwé mìíràn ní Yorùbá, bí Ìyá ti sọ ọ́ gan-an. Ọjọ́ àti nọ́ńbà mítà nìkan ni mo fi kún un. A jọ gbé e lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní ìdí tábìlì fẹ́ dá a padà, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń gbà. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣebí Yorùbá ni o fi kí mi nígbà tí mo wọlé." Ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Nígbà tí ó dé ibi ẹni tí yóò wá bá wọn jẹ ẹja, obìnrin tí ó wà ní tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mà, kì í ṣe èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ ní kété tí a jáde. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ láti ẹnu ilé-iṣẹ́ náà, òun ni àkọ́kọ́ tí ó ní "èmi" nínú. Ní Ọjọ́bọ̀, òṣìṣẹ́ méjì wá, wọ́n gun òpó, wọ́n ní wáyà kan ni ó jó. Fírísà ti ń dì báyìí. Kò tíì sí ẹni tí ó san owó páálí mẹ́ta náà. Ìyá ti da ẹja nù, ṣùgbọ́n wọ́n kó àwọn páálí náà pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò béèrè wọn.