Ta Ni Ó Ni Àwòrán Béárì Funfun?

Àwọn alárìíwísí wa kì í sábà ka àwòrán tí àwọn onífọ́tò ń yà nínú aginjù yìnyín, ní ìhà àríwá pátápátá ayé, mọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó yẹ kí a kà á mọ́ ọn, nítorí iṣẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é kì í sábà dá lọ. Ènìyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá a kó ara wọn jọ, wọn a san owó gọbọi, àgbà onífọ́tò kan a sì ṣe afinimọ̀nà wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nínú ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan ni mo sì fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé: bí àwòrán náà bá dára, ta ni kí á yìn? Ẹni tí ó tẹ kámẹ́rà ni gbogbo ayé ń yìn. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó wí pé, "Ẹ dúró níbí, ẹ má sún mọ́ ọn mọ́," ni ìyìn kọ́kọ́ tọ́ sí, nítorí òun ni ó sọ àwòrán náà di iṣẹ́ ọnà.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni n ó mú ṣe àpẹẹrẹ. Svalbard ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀wọ́ erékùṣù ni, lábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ní ọ̀nà jíjìn réré sí àríwá ibi tí ilẹ̀ Nọ́wè fúnra rẹ̀ parí sí. Ìlú tí ó tóbi jù níbẹ̀, Longyearbyen, wà ní ìwọ̀n 78 sí àríwá. Láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹrin títí di apá ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ rárá. Nígbà òtútù ẹ̀wẹ̀, ó lé ní oṣù mẹ́ta tí oòrùn kì í yọ. Ibẹ̀ ni àwọn onífọ́tò ń wá béárì funfun lọ. Nọ́wè ti fi òfin de pípa béárì níbẹ̀ láti 1973, ọdún kan náà tí orílẹ̀-èdè márùn-ún tí béárì yìí ń gbé fọwọ́ sí àdéhùn ní Oslo láti dáàbò bò ó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jáde kúrò nínú ìlú gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi lé béárì lọ́wọ́. Nítorí náà ìbọn a máa wà léjìká afinimọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ afinimọ̀nà yìí. Òun ni ó ń kọ́ àwọn èrò rẹ̀ pé yìnyín a máa tan kámẹ́rà jẹ: bí kámẹ́rà bá rí ohun tí ó funfun báláú, a ṣe bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, a sì sọ yìnyín di àwọ̀ eérú, àfi bí ènìyàn bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Òun ni ó ń sọ fún wọn pé òtútù a máa fa agbára bátìrì gbẹ, kí wọ́n fi èyí tí wọn yóò pààrọ̀ sí abẹ́ ẹ̀wù níbi tí ara ti gbóná; pé kí wọ́n di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí wọ́n tó gbé e wọ inú ilé tí ó móoru, kí omi má bàa sẹ̀ sí i lára. Òun ni ó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí ní wákàtí kan sí i, tí ó ń ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Síbẹ̀, nígbà tí àwòrán bá jáde, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni a ó rí lábẹ́ rẹ̀. Ti afinimọ̀nà kì í sábà sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, òfin titun ti dé sí Svalbard. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ béárì tó bẹ́ẹ̀ tí àlàfo àárín wọn kò fi ní pé 300 mítà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta títí di òpin oṣù Kẹfà, 500 mítà ni. Bí béárì fúnra rẹ̀ bá sì ń bọ̀, ènìyàn ni kí ó fà sẹ́yìn. Àwọn onífọ́tò kan kùn, wọ́n ní òfin náà yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní onífọ́tò gbé lẹ́ńsì ńlá, ti 600 mìlímítà, sí kámẹ́rà tí ibi tí ń gba àwòrán nínú rẹ̀ fẹ̀ tó 36 mìlímítà. Ká ní béárì tí ó gùn tó mítà méjì àbọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ sí i ní 300 mítà. Béárì náà kò ní gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje ìbú àwòrán lọ. Ní 500 mítà, ìdá kan nínú méjìlá ni.

Kí ni yóò wá wà nínú èyí tí ó kù? Yìnyín tí ó ń là, omi dúdú, òkè, òfúrufú. Ẹni tí ń kùn rò pé òfo ni gbogbo wọn. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. Orí yìnyín ni béárì ti ń ṣọdẹ síìlì, ẹran omi tí ó gbára lé fún oúnjẹ; bí a bá yọ yìnyín kúrò, a ti yọ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kúrò. Àwòrán tí ojú àti imú béárì kún dẹ́nu, a lè yà á ní ọgbà ẹranko ní ìlú ńlá kan, a kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀sùn méjì ni mo fi kan àwòrán àsúnmọ́jù. Èkíní, ó mú kí a rò pé onífọ́tò dá wà pẹ̀lú ẹranko níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mẹ́wàá ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tọkọ̀ tìbọn. Èkejì, béárì tí ó gbójú sókè wo kámẹ́rà ti fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀. Bóyá ó ń ṣọ́ ihò tí síìlì ti ń yọ imú mí; bóyá ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ohun tí à ń pè ní ẹwà ojú rẹ̀ lè jẹ́ ìdààmú. Ọ̀rọ̀ a sì máa ju ìdààmú lọ. Ní oṣù Keje 2018, ní Phippsøya ní àríwá Svalbard, béárì kan kọlu ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti yẹ ilẹ̀ wò kí èrò ọkọ̀ tó sọ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà fara pa lórí. Wọ́n sì yìnbọn pa béárì. Kì í ṣe fọ́tò ni ó fa ti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá ohun tí pípàdé ènìyàn àti béárì lè dà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé àwòrán àsúnmọ́ ni ó ń jẹ́ kí àánú ẹranko ṣe ènìyàn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fídíò béárì tí ó rù kan egungun, tí Paul Nicklen, Cristina Mittermeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yà ní Somerset Island, ní àríwá Kánádà, ní 2017. Àìmọye ènìyàn wò ó, ọ̀pọ̀ sì banú jẹ́. Ìwé ìròyìn National Geographic so ìyà béárì náà mọ́ ìyípadà ojú ọjọ́ ní tààrà. Nígbà tí ó di 2018, ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ni ó ń ṣe béárì náà. Òótọ́ ni pé yìnyín òkun àríwá ń dín kù, òótọ́ sì ni pé èyí ń ni béárì lára. Ṣùgbọ́n béárì kan ṣoṣo kò lè dá ṣe ẹlẹ́rìí gbogbo rẹ̀. Àkọlé ni ó sọ ohun tí àwòrán kò rí.

Àwa tí ìjálá kò ṣàjèjì sí ní òṣùwọ̀n kan lọ́wọ́. Ọdẹ tí ń ki ẹranko kì í fi mọ sí ojú rẹ̀. A ki ìrìn rẹ̀, a ki ibùgbé rẹ̀, a ki ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó lè fi ojú aláìṣọ́ra rí. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fi ń wọn àwòrán béárì. Mo ń bi í pé: báwo ni ẹni tí ó yà ọ́ ti jìnnà tó? Kí ni ẹranko yìí ń ṣe kí ènìyàn tó dé, ṣé ohun náà ni ó ṣì ń ṣe? Ta ni ó sì fọ̀nà hàn?

Àwọn àgbà ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Sùúrù afinimọ̀nà rere tún yàtọ̀ sí èyí: a dúró ní òkèèrè títí ẹranko yóò fi ṣe tirẹ̀ tán, tí yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Èrò tí ó bá kọ́ sùúrù yìí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò mú àwòrán gidi bọ̀ wálé. Nígbà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá jáde, orúkọ méjì ni ó yẹ kí a kọ sí abẹ́ rẹ̀.