Ogbó Marley nínú Fíìmù

Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí Marley & Me, fíìmù tí David Frankel darí ní 2008 láti inú ìwé John Grogan. Ajá náà ń ba ilé jẹ́, a rẹ́rìn-ín títí. (Bàbá mi ní ajá lásán ni, síbẹ̀ wọ́n wò ó dé òpin.) Ṣùgbọ́n nígbà tí ogbó dé, tí gígun àtẹ̀gùn di ogun fún Marley, fíìmù náà sáré kọjá. Ìwé fara balẹ̀ níbẹ̀: etí rẹ̀ di, ìbàdí rẹ̀ kò gbé e mọ́. Làkúrègbé ni, oògùn lè mú un fúyẹ́, kò lè wò ó sàn. Ikú Marley mú mi sunkún lóòótọ́, àmọ́ wàhálà ojoojúmọ́ ẹni tó ń ran ajá náà lọ́wọ́ láti dìde, ṣáájú abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ni mo fẹ́ rí jù.