Ìdáhùn Ẹ̀ẹ̀mẹta

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ìdajì àwọn tó ń gbé inú ilé jẹ́ ọmọ ilé mìíràn? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ Luxembourg, ilẹ̀ kékeré tí Faransé, Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀m yí ká. Gbogbo rẹ̀ kò ju 2,586 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 670,000. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 47 ni kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn Potogí nìkan tó nǹkan bí 90,000. Ní olú-ìlú, àlejò pọ̀ ju onílé lọ dáadáa. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ó lé ní 200,000 òṣìṣẹ́ tó ń ti ilẹ̀ mẹ́ta tó yí i ká wọlé wá ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń padà sílé wọn nírọ̀lẹ́.

Iye lásán kò lè sọ ìtàn ènìyàn. Bí a bá ka àwọn ará ìlú tán, ó kù kí a bi wọ́n léèrè irú ẹni tí wọ́n pe ara wọn. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: àwọn ìtàn tí Luxembourg ń sọ nípa ara rẹ̀, àti bóyá wọ́n ṣì bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mu.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn jẹ́ ìtàn ìkànìyàn. Àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì gba Luxembourg ní ọdún 1940. Gustav Simon, tí Hitler fi ṣe olórí ibẹ̀, ṣètò pé kí a ka àwọn ènìyàn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1941. Ìbéèrè mẹ́ta inú ìwé ìkànìyàn náà ni pàkúté: orílẹ̀-èdè wo ni tìrẹ, èdè abínibí wo ni tìrẹ, ẹ̀yà wo ni o ti wá? Àlàyé tó bá ìwé náà wá ti là á sílẹ̀ pé èdè Luxembourg kò tó ohun tí à ń pè ní èdè abínibí. Àwọn tó ń bá Násì jà lábẹ́lẹ̀ wá pín ìwé kiri pé kí oníkálukú kọ Luxembourg sí iwájú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí àwọn aláṣẹ yẹ díẹ̀ wò nínú ìwé náà, tí wọ́n rí ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ, wọ́n fagi lé ètò náà. Títí di òní, àkókò yìí nínú ọdún ni orílẹ̀-èdè náà ń ṣe àyájọ́ ìrántí rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè fojú kéré ìdáhùn yìí. Àwọn ènìyàn kéréje kọ̀ kí alágbára sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀mí lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti bèèrè ohun tí ìtàn dídára fi sílẹ̀ láìsọ. Ìdáhùn ẹ̀ẹ̀mẹta náà so ohun mẹ́ta pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n: ìwé ìjọba tí ènìyàn mú lọ́wọ́, èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú iṣan rẹ̀. Ní ọdún 1941 pàápàá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo ènìyàn ibẹ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Ítálì ti ń wá wa irin ní gúúsù ilẹ̀ náà, ní Esch àti Differdange, tí wọ́n sì ń làágùn níwájú iná ìléru. Ní ọ̀rúndún kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Luxembourg ni ìṣẹ́ lé lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun ìjà ni ìdáhùn ọdún 1941. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dígí.

Lítíréṣọ̀ ilẹ̀ náà mọ èyí ju àwọn olóṣèlú rẹ̀ lọ. Ìwé tí a kà sí òpó lítíréṣọ̀ èdè Luxembourg ni Renert, ewì gígùn tí Michel Rodange tẹ̀ jáde ní ọdún 1872. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ẹ̀dá ìtàn tó ṣe gbòógì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀: ìtàn rẹ̀ ti kiri ilẹ̀ Yúróòpù láti ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, ni Rodange sì ti gbà á. Ó gbé ìtàn náà wá sílé, ó sì fi ẹ̀ka èdè agbègbè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ẹnu àwọn ẹranko inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé wọn kì í fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀. Àlejò ni ìtàn tó di òpó ilé. Ẹni tó bá ń fi Renert ṣe ẹ̀rí pé ohùn kan ṣoṣo ló ni ilẹ̀ náà kò tíì kà á dé ìdí.

Ní ọdún 1993, Jean Portante tẹ ìtàn àròsọ kan jáde tí ó pè ní Mrs Haroy ou la mémoire de la baleine. Differdange ni wọ́n bí Portante sí ní ọdún 1950. Ará Ítálì ni àwọn òbí rẹ̀. Èdè Faransé ni ó sì fi kọ̀wé. Ìtàn náà ń lọ, ó ń bọ̀, láàrin ìlú irin yìí àti agbègbè Abruzzo ní Ítálì. Àwòrán tó gbà wá lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni ti àbùùbùtán. Àwọn baba ńlá ẹranko yìí ti gbé orí ilẹ̀ rí. Ó jọ ẹja, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ni ó fi ń mí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ àlejò rí: omi tuntun ti gbà á, ṣùgbọ́n èémí ilẹ̀ àtijọ́ kò kúrò nínú rẹ̀. Ẹwà àwòrán yìí ni pé kò bẹ ẹnikẹ́ni. Àbùùbùtán kò parọ́ fún òkun pé òun ti di ẹja. Àléébù tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ló kọjú sí. Ó sọ ohun tí òkun ṣe sí àbùùbùtán. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí àbùùbùtán ṣe sí òkun.

Òkun náà sì ti yí padà. Òfin ọdún 1984 sọ èdè Luxembourg di èdè orílẹ̀-èdè, ó fi èdè Faransé ṣe èdè òfin, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún Jámánì nínú iṣẹ́ ìjọba àti ilé ẹjọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ, Faransé ló gbòde. Ẹ wo ọmọ Potogí nínú ètò yìí: èdè Potogí ló gbọ́ nílé, èdè Luxembourg ló bá ní jẹ́lé-ó-sinmi, Jámánì sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Láti ọdún 2022 nìkan ni àwọn ilé ìwé kan ti bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò láti fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ tó bá fẹ́ ẹ. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ Potogí kò pọ̀ tó bí ó ti yẹ ní àwọn ilé ìwé tó ń ṣí ọ̀nà yunifásítì.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2015, ìjọba bi àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà léèrè bóyá kí àlejò tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán máa dìbò yan àwọn aṣòfin. Bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé rárá. Òfin ìjọba kan náà ló sì gbà kí ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Luxembourg ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900 wá béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti Amẹ́ríkà àti Bràsíl béèrè fún un kí àǹfààní náà tó dópin, ọ̀pọ̀ wọn tí kò gbé ibẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lókèèrè ríbi wọlé. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ nínú ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

A kò ní ṣàìdá àwọn tó sọ pé rárá láre níwọ̀nba. Èdè kékeré ni tiwọn, ilẹ̀ ńlá ló yí wọn ká, wọn kò sì gbàgbé ẹni tó sọ fún wọn rí pé èdè wọn kò tó èdè. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ti ìlẹ̀kùn pa pátápátá. Òfin ọdún 2008 gba ènìyàn láàyè láti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì pọ̀. Òfin ọdún 2017 dín ọdún tí àlejò gbọ́dọ̀ fi gbé ibẹ̀ kù sí márùn-ún, bí ó bá yege nínú ìdánwò èdè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí a jogún lọ́wọ́ ìyà lè sọ ẹni tí a jẹ níyà di ẹni tó ń fi ìbéèrè kan náà yẹ ẹlòmíràn wò.

Bí a bá gbé ìbéèrè mẹ́ta ọdún 1941 síwájú ọmọbìnrin kan ní Esch lónìí, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Potogí, ó ṣeé ṣe kí ó kọ Luxembourg sí àkọ́kọ́ àti Potogí sí ìkejì, kí ó sì ronú gidigidi kí ó tó fọwọ́ kan ìkẹta. Òtítọ́ ni yóò kọ. Àwọn tó kọ ìdáhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta nígbà náà jà kí ènìyàn lè ní ẹ̀tọ́ láti sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí ilẹ̀ náà bá fẹ́ bọlá fún wọn ní tòótọ́, ẹ̀tọ́ yẹn náà ni kí ó fún ọmọbìnrin yìí.