Ẹ̀kọ́ Inú Igbó

Èèyàn mẹ́fà péré ti tó. Bí ẹ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyẹ á ti gbọ́ ìró bàtà yín, á sì ti fò lọ. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìdájí nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, nìyẹn. Olùkọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á ṣa èso àràbà nílẹ̀, á tú òwú inú rẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ẹ ó sì máa wo bí hóró ṣe ń bá òwú fò lọ wá ilẹ̀ tuntun. Ìwé wo ló lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn náà, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó tẹ́tí. Ẹyẹ kan wà tí gbogbo yín ń wá: ìbátan ẹ̀gà ni, ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pọ́n. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ ìlú wa ló ń jẹ́, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn (èmi náà wà lára wọn tẹ́lẹ̀) ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ lè má rí i lónìí náà. Ẹ̀fọn á jẹ yín, ìrì á rin ṣòkòtò yín gbindin, ẹ ó sì tún béèrè ọjọ́ tí a ó padà wá.