Bella Bellow ní Dakar, 1966

Nígbà tí Ààrẹ Senghor pe àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé jọ sí Dakar ní oṣù kẹrin ọdún 1966, fún Àjọ̀dún Iṣẹ́ Ọnà wọn àkọ́kọ́, ọmọbìnrin ẹni ọdún 21 kan wà lára àwọn tí ó ṣojú Tógò níbẹ̀. Georgette Nafiatou Adjoavi Bellow ni orúkọ rẹ̀. Tsévié ni wọ́n ti bí i. (Nafiatou kì í ṣe orúkọ àjèjì ní Kambolé.) Àgbà olórin bíi Duke Ellington ti Amẹ́ríkà wá sí àjọ̀dún náà. Láàárín irú wọn ni ọmọ tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ti kọrin, tí òkìkí Bella Bellow sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ẹnu ibodè wa.

A kò tí ì bí wa nígbà náà. Inú rẹ́kọ́ọ̀dù ni a ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀. Èdè Mina àti Ewe ni ó fi kọ àwọn orin tí a fi ń rántí rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wa ní Kambolé ni a gbọ́ wọn. Bí a kò bá gbọ́ èdè akọrin, kí ni a ń gbọ́ nínú orin rẹ̀?

Ẹ gbọ́ «Blewu». Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì ṣe kọ ọ́. Kò pariwo, kò sáré. Èdè olóhùn ni Ewe, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá. Lójú tiwa, ohùn orin rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, kò fi ipá tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa. Wọ́n a mú ohùn orin ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n a da Yorùbá lé e lórí: ọkọ ìyàwó a di ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko! Àwọn mìíràn kúkú pa èdè náà tì, wọ́n ní àwọn ará Sokodé àti Lomé kò ní gbọ́ ohun tí àwọn ń wí. Ta ni nínú àwùjọ Dakar ni ó gbọ́ Mina tó bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2018, níwájú àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n péjọ sí ìdí Arc de Triomphe ní Paris, orin yìí kan náà ni Angélique Kidjo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, kọ. Ohùn tirẹ̀ le bí irin, a sì kí i kú iṣẹ́. Síbẹ̀, ti Bella ni a fẹ́ràn jù. Kidjo ń kéde; Bella ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ẹni náà sì jókòó sí tòsí.

Ọdún méje péré ni ó lò lẹ́yìn Dakar. Manu Dibango ti Kamẹrúùnù bá a ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọdún wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1973, jàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ lójú ọ̀nà nílẹ̀ wa níbí, ní ẹni ọdún 28. Orin tí ó fi sílẹ̀ kò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ gbọ́ «Blewu» láti ẹnu rẹ̀, kí ó tó lọ gbọ́ ti Kidjo.