Àpótí Tí Kò Gba Fáníìṣì

Gbogbo káfíńtà ló ní àṣírí kan tí kì í jẹ́ kí oníbàárà gbọ́. Bí ẹnu pákó méjì kò bá wọnú ara wọn dáadáa, a ó bu ìyẹ̀ pákó díẹ̀ nílẹ̀, a ó pò ó mọ́ gúlù, a ó fi dí àlàfo náà. Bó bá gbẹ, a ó fi sáńpépà fá a títí yóò fi jọ̀lọ̀, a ó kun fáníìṣì lé e, igi á sì máa dán bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe hù nínú igbó. Mo ti ṣe é fún kọ́bọ́ọ̀dù, fún ibùsùn, fún tábìlì. Wọ́n wà nínú yàrá àwọn èèyàn níbí ní Imoru, ní Ìfọ́n, títí dé Ọ̀wọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì lanu rojọ́ mi. Àfi àpótí kan ṣoṣo.

Obìnrin àgbẹ̀ kan ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá ní ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti fi bírò ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ọmọ rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Káfíńtà. Ẹ bá mi kan àpótí kan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú. Ọ̀rá tó mọ́ gaara la ó fi bò ó lókè. Atẹ́gùn kò gbọdọ̀ rí ojú ihò kankan gbà wọlé.”

Mo wo ìwé, mo wo ojú rẹ̀. Àpótí kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọ́n ń dé pa báyẹn.

“Màmá, ṣé kò sí o? Ta ni ẹ fẹ́ sin?”

“Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni,” ó ń rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí yóò jí o.”

Ẹni tó bá mọ ẹkùn Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ yìí mọ̀ pé kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jìnnà síra wọn. Kòkó kékeré kò lè gba oòrùn sójú. Àgbagbà la máa ń kọ́kọ́ gbìn kí ó ṣíji bò ó. Ṣùgbọ́n àgbagbà a máa ṣahun ọmọ. Ó lè so èso tán kí ọmọ tó ṣe é ṣí nídìí rẹ̀ má ju méjì-mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbin hẹ́kítà kan, tó fi mítà 3 sí 2 la àárín wọn, ọmọ tó lé ní 1,600 ló ń wá. Níbo ni yóò ti rí i? Yóò máa wú u kiri oko olóko, yóò sì máa bá a kó kòkòrò tó ń lu ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níhò àti aràn tín-ín-tín tó ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀ wá sí oko tirẹ̀. Bí ìjì bá fẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wó tòun tèso.

Ọgbọ́n tí obìnrin náà gbé wá, láti mú ọ̀pọ̀ ọmọ jáde lára ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ti rìn jìnnà kó tó dé Imoru. Ní Cameroon, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí CARBAP ní Njombé tún un ṣe títí ó fi di ohun tí àgbẹ̀ lè fi ọ̀bẹ àti pákó ṣe lẹ́yìnkùlé. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọgbọ́n kan náà. Àwọn IITA yìí mọ àgbagbà wa débi pé orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìwádìí wọn lédè òyìnbó.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á mú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé rẹ̀ ṣì tín-ín-rín bí idà, wọ́n á gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, wọ́n á fá ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun báláú. Wọ́n á rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ohunkóhun tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa bó èèpo ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni bó àlùbọ́sà. Lábẹ́ èèpo kọ̀ọ̀kan ni ojú kan wà tó ń sùn. Ní ìparí, wọ́n á fi ọ̀bẹ la ọkàn rẹ̀ ní àgbélébùú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ó dùn mí. Èèyàn á ṣe mú ohun tó fẹ́ hù, kó wá gún un lọ́kàn? Obìnrin náà ní ọkàn yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí àwọn ojú tó kù là. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè, òun nìkan ló ń ga, àwọn tó kù á máa sùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí, n kò mọ̀ pé ìlànà iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ti bó láṣọ, tí a ti gún lọ́kàn, kò ní gbòǹgbò tí yóò fi mu omi. Bí atẹ́gùn lásán bá fẹ́ sí i, á gbẹ. Bí omi bá dúró sí i lára, á rà. Ibi tó lọ́rinrin, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oòrùn rẹ̀ kò mú, ló lè gbé, bí abẹ́ igbó ńlá lẹ́yìn òjò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn: kí n kan igbó.

Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 ni wọ́n ń tà nílé ìlagi. Nígbà tí mo jókòó ti ìwọ̀n àpótí náà, inú mi dùn bí ọmọdé. Bí mo bá gé pákó kan sí 8 àti 4, ó fún mi ní ẹ̀gbẹ́ kan àti orí kan. Pákó méjì, àpótí pé, kò ṣẹ́ku. Káfíńtà nìkan ló mọ adùn irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ìbú pákó náà jẹ́ ínǹṣì 12, ó tó láti gba ìyẹ̀ pákó tí a ó sin ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Lórí rẹ̀ ni mo gbé férémù igi 2 sí 2 lé, mo ta ọ̀rá sí i. Ìrókò tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ilẹ̀kùn kan ni mo lò, nítorí àti ikán àti omi, kò sí èyí tó rí i mú.

Ọjọ́ méjì, mo ti parí. Igun kan kò pàdé dáadáa. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é. Òrùlé rẹ̀, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí tábìlì, torí ó yá láti kàn. Nígbà tí obìnrin náà béèrè ibi tí òun ti lè ra ìyẹ̀ pákó, mo ní kó má wulẹ̀ náwó, mo gbá ti abẹ́ bẹ́ǹṣì mi fún un: ìrókò, mansóníà, arère, gbogbo rẹ̀ pọ̀. A gbé àpótí náà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kì í dé. A to ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ 32 sínú rẹ̀, ó bu omi wọ́n ọn, ó pa á dé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àdúgbò fi ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn kan ní pósí ni. Àwọn kan ní igbó ni, kì í ṣe igbó tí ọdẹ ń wọ̀ o, èyí tí wọ́n ń fà ni. Ọkùnrin kan yọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n bá òun kan irú rẹ̀. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ la gbìn síbẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí mi: “Mo gbọ́, Bàbá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni èmi náà wí.”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, obìnrin náà ránṣẹ́ pè mí. Kò bínú. Ó kàn ká ọ̀rá sókè, ó ní kí n wò ó fúnra mi. Láàárín àpótí, níbi tí ọ̀rá ti rọ̀ wálẹ̀, tí omi ń kán tó, tó, tó sójú kan náà, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Níbi tí ìyẹ̀ ìrókò àti mansóníà pọ̀ sí, ojú tó là kò ju ẹyọ kan, ẹyọ méjì lọ. Ṣùgbọ́n igun ọ̀hún ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọ̀rinrin ti mú gúlù mi wú, ó ti jábọ́, àlàfo tí mo dí ti ṣí sílẹ̀, kò fẹ̀ ju ìka ọmọdé lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti yọ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí ewé náà tó kọjú sí ihò ti gbẹ ṣáṣá bí ìwé tí iná rà. Ọyẹ́ ti gba ibẹ̀ wọlé. Ibi tí mo ti parọ́ gan-an ni ewé gbẹ sí.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé téèpù kiri, n kò tíì rí ohun tó wọn iṣẹ́ mi tó ewé yẹn.

Mo ní kó jẹ́ kí n tún un ṣe, n kò ní gba kọ́bọ̀. Orí ìyẹ̀ pákó ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ní láti dojú ọgbọ́n tí mo fi ń yan igi délẹ̀. Ìrókò là ń yìn, nítorí oje ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ikán àti olú jẹ ẹ́. Oje yẹn kan náà ni kò rọ ojú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́rùn. Mansóníà, tí ìyẹ̀ rẹ̀ ń yún wa nímú, tó ń mú wa sín títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ni yóò ṣe fún ọmọ tuntun? Arère là ń kẹ́gàn: ó fúyẹ́, ó funfun, kòkòrò ń lù ú, ó tètè ń jẹrà. Ohun tó ń tètè jẹrà gan-an ni gbòǹgbò ń wá. Babaláwo kò jẹ́ fi ìyẹ̀ igi mìíràn rọ́pò ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. Ó yẹ kí èmi tí mo ń jẹun nídìí igi ti mọ̀ pé ìyẹ̀ ju ìyẹ̀ lọ. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìlagi, níbi tí òkìtì ìyẹ̀ arère ti jẹ òjò títí tó fi dúdú nísàlẹ̀, mo kó o wá. A fi ooru omi sè é nínú dúrọ́ọ̀mù kí ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ kú, a tẹ́ ẹ kó tutù.

Òrùlé ló tẹ̀ lé e. Mo gbé e ga láàárín bí òrùlé ilé, kí omi tó bá dì mọ́ ọ̀rá máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ padà sínú ìyẹ̀ pákó, kó má kán sórí ẹnikẹ́ni. Mo fi igi pẹlẹbẹ tẹ ọ̀rá mọ́ férémù kí n tó kan ìṣó, torí ìṣó nìkan á fà á ya. Àwọn igun, mo tú gbogbo wọn palẹ̀, mo tún wọn gé. N kò fi gúlù kan ọ̀kankan.

Ilẹ̀kùn tí mo ṣe sí i lára ló gba ìgbéraga mi lọ́wọ́ mi. Mo ṣe é kó wọnú férémù rẹ̀ géérégé, bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù olówó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, pákó ti mumi yó, ó wú, àfi ìgbà tí mo fi òòlù gbá a kó tó ṣí. Mo yọ ọ́ sọnù. Mo fi ọ̀rá onílọ̀ọ́po méjì ṣe aṣọ ìkélé dípò rẹ̀, mo so ọ̀pá tó wúwo mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n óò ro ohun tí igi máa dà lọ́la kí n tó gé e lónìí.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa dókítà kan ní London, Nathaniel Ward. Bí ọyẹ́ ṣe ń bá wa jà níbí, èéfín èédú ló ń bá a jà lọ́hùn-ún, tó ń pa ewéko ọgbà rẹ̀. Ní 1829, ó fi ilẹ̀ tútù àti kòkòrò kan tí kò tíì yọ ìyẹ́ sínú ìgò, ó dé e, ó fẹ́ wo bí yóò ṣe para dà. Kó tó mọ̀, ewéko ti hù nínú ilẹ̀ náà, omi kan ṣoṣo ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ́ wọn. Ó ní kí káfíńtà kan bá òun kan àpótí onígíláàsì. Ní 1833, ó fi méjì ránṣẹ́ sí Australia nínú ọkọ̀ ojú omi, ewéko inú wọn sì yè. Irú àpótí yẹn ni wọ́n fi kó ọmọ igi rọ́bà láti London lọ sí Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ní 1876. Orúkọ dókítà ni wọ́n fi ń pe àpótí náà títí di ìsinsìnyí. Èmi ń ro káfíńtà. Ká ní ó fi gúlù àti ìyẹ̀ pákó dí igun kan, iyọ̀ òkun á ti gba ibẹ̀ wọlé.

Láàárọ̀ kùtù ni mo fẹ́ràn àpótí náà jù. Mo máa ń yà síbẹ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí gbogbo nǹkan bá pé, ìrì á ti bo inú ọ̀rá, yóò funfun bí ojú àfọ́jú, èèyàn kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ibì kan bá mọ́ gaara, ihò wà nítòsí. Mo máa ń fi ìka ta ọ̀rá náà, ìrì á sì ya gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Bí mo bá ká aṣọ ìkélé, òórùn tó jáde kì í ṣe òórùn ṣọ́ọ̀bù. Òórùn ọ̀nà oko ni, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn àtúnṣe náà, ohun kan yọ lára ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó rí bí eyín ọmọ ọwọ́. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́ta. Kò pẹ́, àpótí kún fún eyín. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń kà wọ́n. Nígbà tó ka 200 kọjá, ó ní ojú ń ro òun. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ní ewé mẹ́ta àti gbòǹgbò tirẹ̀, obìnrin náà á fi ọ̀bẹ mímọ́ yà á, á gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú kékeré, á gbé e sábẹ́ àtíbàbà kí ara rẹ̀ mọ atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù kẹrin rọ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ọ̀kadà wá ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri, tirẹ̀ ti tò lọ bẹẹrẹ. Ó kí mi pé mo kú iṣẹ́. Kò wo igun àpótí kankan. Ewé ló fọwọ́ kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń kan kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ṣọ́ọ̀bù. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe àlàfo díẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí láé, torí ògiri ni yóò kọjú sí. Ọmọ iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bu ìyẹ̀ pákó. Mo ní kó dà á sílẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “kọ́bọ́ọ̀dù nìyí o. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀.”

“Mo mọ̀,” mo wí. “Bá mi mú ayùn wá.”