Òfin Tí A Ṣe Lónìí, Ìwà Tí A Hù Lánàá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Igi gańgan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó." Mo gbà pé bí ó ṣe yẹ kí òfin rí náà nìyẹn. Òfin tí gbogbo ìlú ti gbọ́ dà bí igi tí ojú ti rí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó gún òun yóò yà fún un. Ṣùgbọ́n òfin tí a ṣe lónìí, tí a wá fi ń jẹ ènìyàn níyà fún ohun tí ó ṣe lánàá, igi tí kò sí níbẹ̀ rárá nígbà tí onítọ̀hún ń kọjá ni. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tako nínú àròkọ yìí. Mo sì fẹ́ yẹ àwíjàre kan wò tí àwọn alágbára máa ń ṣe, pé orílẹ̀-èdè tí ó bá ti gba òmìnira lè ṣe òfin bí ó bá ṣe wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti ilé. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Muhammadu Buhari jẹ́ olórí rẹ̀ gbé Dìkíríì 20 jáde. Dìkíríì yìí fi ikú ṣe ìjìyà fún àwọn ọ̀ràn kan, títí kan òwò oògùn olóró, ó sì na ọwọ́ padà sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àkànṣe ni ó ń dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ilé-ẹjọ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Kìríkìrì, ní Èkó. Ẹjọ́ ọ̀kan nínú wọn ni ó ń dun àwọn ènìyàn jù títí di òní: nígbà tí wọ́n mú un, ẹ̀wọ̀n ni òfin là sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ní ó ṣe, kì í ṣe ikú.

N kò gbè lẹ́yìn oògùn olóró o. Ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́, ẹni tí ó bá sì ń tà á yẹ fún ìyà. Ṣùgbọ́n ìyà wo? Èyí tí òfin ti là sílẹ̀ kí ó tó dẹ́ṣẹ̀ ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ọ̀gá ilé-ìwé bá kéde láàárọ̀ yìí pé a ó lé ẹnikẹ́ni tí ó bá pẹ́ dé ilé-ìwé, a lè kùn, ṣùgbọ́n a ó tètè jí lọ́la. Bí ó bá wá ṣí ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ wa ní sáà tí ó kọjá, tí ó sì ń lé àwọn tí ó pẹ́ nígbà náà, ta ni yóò lè tètè jí fún ọjọ́ tí ó ti lọ?

Àwọn tí ó ń gbèjà irú òfin bẹ́ẹ̀ a máa sọ pé onílé ni ó ń pàṣẹ nínú ilé rẹ̀, pé àwọn òyìnbó ni ó fẹ́ máa darí wa. Lóòótọ́, Ìkéde Káríayé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 ka irú ìjìyà yìí léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin tiwa náà kà á léèwọ̀, láti ìgbà òmìnira ní ọdún 1960. Ní ọdún 1961, nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ilé-ẹjọ́ gíga dá obìnrin kan sílẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ ti dá lẹ́bi àgbèrè, nítorí pé kò sí òfin kíkọ kankan ní gúúsù Nàìjíríà tí ó pe ìwà náà ní ọ̀ràn. Ìwé òfin ọdún 1979 tún ìlànà yìí sọ. Àwọn ológun ni ó gbé dìkíríì gorí rẹ̀. Èèwọ̀ ilé wa ni wọ́n jẹ, kì í ṣe ti àlejò.

Ta tilẹ̀ ni onílé gan-an? Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 14, sọ pé ọwọ́ àwọn ará ìlú ni àṣẹ orílẹ̀-èdè wà, àti pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọba ti gba agbára. Abala 4 sì sọ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé wọn kò ní agbára láti ṣe òfin apadàsẹ́yìn lórí ọ̀ràn dídá. Nítorí náà, ìjọba tí ó bá fi òfin òní mú ará ìlú fún ìwà àná kò dáàbò bo àṣẹ ìlú. Ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín ni.

Ìbéèrè kan wà tí ó le ju èyí lọ. Nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ àwọn olórí ìjọba Hitler ní Nuremberg, ní Jámánì, ní ọdún 1945 sí 1946, àwọn agbẹjọ́rò wọn ní òfin tuntun ni wọ́n fi ń mú wọn. Ṣé kí á wá jẹ́ kí apààyàn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ìjọba rẹ̀ fún un láṣẹ? Rárá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀ràn ni kí ènìyàn pa ìran kan run. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1966 lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú fi àyè sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ó jẹ́ ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n àyè náà kéré. Ẹni tí ó gbé oògùn olóró ní Èkó kò lè gba ibẹ̀ kọjá sí ọwọ́ ayìnbọn. Àdéhùn yìí kan náà tún sọ pé bí òfin tuntun bá dín ìyà kù, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ àǹfààní rẹ̀. Àánú lè padà sẹ́yìn. Idà kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òbí àti olùkọ́ wa máa kọ́ wa ni pé ìdánwò òfin kì í ṣe ìgbà tí ó bá mú ẹni rere. Ìgbà tí ó bá mú ẹni tí gbogbo ìlú kórìíra ni. Ọjọ́ náà ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún ìjọba, tí a sì ń gbàgbé pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.